Bí a bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tó jẹ́ ará Tógò ló ń lẹ táìlì wa?

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Òmù-Àrán ní ìpínlẹ̀ Kwara ló kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn yìí. Ó gùn díẹ̀, mo gé e kúrú:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi ìpàdé ọmọ ìlú wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn kan ní kí ìjọba fi òté lé ọmọ bíbí bíi ti Ṣáínà, pé a ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ lé àwọn ará Tógò àti Kútọnu tó gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ wa lọ́wọ́ ná. Ni kọngílá tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú wa bá dìde, ó ní tí wọ́n bá lé wọn lónìí, ká gbàgbé gbọ̀ngàn. Èmi alára, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba, ó ní wọ́n ti ń sọ ọ́ sí wọn létí pé àwọn ò fẹ́ irú wọn mọ́. Ìbéèrè mi ni pé, bó bá jẹ́ pé a pọ̀ jù lóòótọ́, kí là ń fi àlejò ṣe? Bí òyìnbó kò bá sì bímọ mọ́, kí ló dé tó ń lé ẹni tó wá bá a ṣiṣẹ́? Ta ló yẹ kí n gbè lẹ́yìn?"

Ọmọ mi, o ṣeun. O ní ọjọ́ orí rẹ kò ju ti àkọ́bí mi lọ, pé kí n má fi "ẹ" bá ọ sọ̀rọ̀. Ó dáa, mo gbà.

Ó yẹ kí o mọ ẹni tí ò ń bi. Iṣẹ́ iye ènìyàn ni mo fi jẹun láyé. Mo gbé ìwé ìkànìyàn láti ojúlé dé ojúlé ní 1991, mo ṣe alábòójútó àwọn tó ń kànìyàn ní 2006, mo sì kọ́ ọmọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí kí n tó mọ A. Kumasi ni wọ́n bí mi sí ní 1966. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó tẹ̀lé ara wọn lọ sí Gánà láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Èjìgbò. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní a gba ọjà àti iṣẹ́ mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nínú lọ́rì tó kó wa wálé. Àwìn ni bàbá mi ń tà púpọ̀, ìwé gbèsè rẹ̀ nìkan ló sì rí mú bọ̀ láìdínkù. Títí di nǹkan bí 1990, lọ́jọ́ Iléyá, ó ṣì máa ń ṣí i, á fọwọ́ lé orúkọ obìnrin kan, á ní, "Sídì mẹ́jọ lọ́wọ́ ìyá yìí." Àwọn oko kòkó Gánà kò sì rí lébìrà tó lẹ́yìn tí wọ́n lé wa, torí oníṣòwò nìkan kọ́ ni àṣẹ yẹn gbá lọ.

Ó wá ku oṣù bíi mélòó kan kí n ṣe WAEC, ní 1983, ó kan tiwa láti léni. Ará Gánà ló ń kọ́ wa ní kẹ́mísìrì. Àwọn òbí ló ń dáwó oṣù rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, Alhaji Ali Baba tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fún Shagari kéde pé àlejò tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ lọ kí oṣù náà tó parí. Ní Fúráìdè ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ wa ń kọ nǹkan lójú bọ́ọ̀dù, ni wọ́n pè é síta. Ó padà wọlé, ó parí ohun tó ń kọ, ó gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó ní ká ṣe nọ́ńbà kẹrin àti ìkarùn-ún wá ní Mọ́ńdè. A ṣe é wá o. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wa títí ìdánwò fi dé. F9 ni mo gbà ní kẹ́mísìrì, bí mo ṣe di ẹni tó ń ka orí ènìyàn dípò kí n di dókítà nìyẹn.

Ó ju mílíọ̀nù kan ará Gánà lọ tó kó lọ nígbà yẹn, àpò onílà tí wọ́n fi kó aṣọ ló sì gba orúkọ náà títí dòní, Ghana Must Go. Epo rọ̀bì ló já lówó, ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Iṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, sọ́jà gbàjọba. Ní 1985, ìjọba sọ́jà náà tún lé bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700.

Mo sọ èyí kí o má bàa rò pé ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀. Ìdáhùn mi gan-an rèé. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Òmù-Àrán lónìí, ó tó ogún ọdún kó tó lè gbé búlọ́ọ̀kù. Àlejò, ọkọ̀ alẹ́ yìí ló lè bá wọlé láti Kútọnu. Àárín ogún ọdún àti òru kan yìí ni gbogbo ìjà tí o rí nípàdé yẹn ti ń wá. Òfin ọmọ bíbí, ẹni tó bá ṣe é yóò ti kúrò nípò kó tó so èso. Òfin àlejò, wàá rí i lójú títì lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí olóṣèlú, ní Èkó tàbí ní London, fi máa ń gbé ẹrù ọmọ bíbí, ẹrù iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹrù owó oṣù, tí á dì í rù àlejò.

Jẹ́ kí n mú ọ lọ sí Singapore, torí ìlú yẹn ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀ ń pariwo lé lórí ní ìpàdé yín, wọ́n sì ṣe é ní àṣeyanjú. Ní 1972 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé ọmọ méjì tó. Ẹni tó bá bí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ìgbẹ̀bí rẹ̀ á lé sí i, ọmọ rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń pín ààyè ilé-ẹ̀kọ́. Ó jẹ́ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kó jẹ́ lọ. Ní 1987 wọ́n yí orin padà, ó di pé kí ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a bí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún òbí lówó, wọ́n dín owó orí wọn kù, etí ò gbọ́. Ní 2023, ọmọ tí obìnrin kan ń bí níbẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 0.97.

Ta ló wá ń kọ́ ilé wọn? Nínú mílíọ̀nù 6.04 èèyàn tó wà níbẹ̀ ní àárín ọdún 2024, mílíọ̀nù 1.86 ni àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú pípẹ́. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fẹ́ gba lébìrà láti òkèèrè, ó ní iye tó lè gbà, á sì máa san owó fún ìjọba lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba gbé ìwé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2013 pé iye èèyàn ìlú náà lè tó mílíọ̀nù 6.9 ní 2030, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tú jáde sí Hong Lim Park láti bínú, ní ìlú tí ìwọ́de ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ti kún, ilé ti wọ́n, ọmọ àwọn kò ríṣẹ́ gidi. Tí o bá fi Yorùbá sọ ọ́, wàá rò pé ìpàdé Òmù-Àrán ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ọmọbìnrin tó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ láti Indonesia tàbí Philippines, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò, oyún sì wà lára ohun tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá bá a lára rẹ̀, ilé ló kàn. Wò ó dáadáa. Ìlú tó ń fowó bẹ obìnrin kó jọ̀ọ́ kó bímọ, òun náà ló ń sin aboyún lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ọwọ́ ọmọ yẹn ni wọ́n ń wá, wọn ò wá inú rẹ̀.

N kò fi gbogbo ẹnu bú wọn ṣá, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún un kó tó wọkọ̀. Àwọn ará Jámánì kò sọ nǹkan kan. Ní 1961 wọ́n bá Tọ́kì ṣàdéhùn pé kí wọ́n kó lébìrà wá, wọ́n pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ àlejò, wọ́n rò pé wọ́n á ṣe ọdún kan, ọdún méjì, wọ́n á lọ. Nígbà tí ọrọ̀ ajé le ní 1973, wọ́n dá gbígbà dúró. Ẹni tó bá lọ kò ní lè padà wá mọ́, nítorí náà àwọn tó wà níbẹ̀ kò lọ, ìyàwó àti ọmọ wọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn gan-an ló sọ àlejò di onílé.

Jàpáánì ṣe tirẹ̀ ní 2009. Iṣẹ́ dá sílẹ̀, wọ́n fún àwọn ará Brazil tó ní ẹ̀jẹ̀ Jàpáánì lára ní 300,000 yẹ́ẹ̀nì kí wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2023, àlejò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 2 lọ, wọ́n sì ṣì ń wá sí i. Ní 2024, ọmọ Jàpáánì tí wọ́n bí ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn jẹ́ bíi 686,000. Àwa ń bí ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ òté bíi ti Ṣáínà. Ohun tí kò sẹ́ni tó máa ń sọ nípàdé ni pé kó tó di 1980 tí òfin ọmọ kan délẹ̀, ọmọ tí obìnrin Ṣáínà ń bí ti já láti bíi 6 ní 1970 sí ohun tí kò pé 3. Gúúsù Kòríà kò ṣe òfin ọmọ kan rí. Bíi 6 ni obìnrin ibẹ̀ ń bí ní 1960, 0.72 ló kù sí ní 2023. Ṣáínà fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n bí méjì ní 2016, ó gbà mẹ́ta ní 2021, láti 2022 ni iye èèyàn wọn sì ti ń dín kù. Ọmọ tí òfin ní kí wọ́n má bí, òfin kì í lè bí i padà.

Àwa náà ti dán tiwa wò. Ní 1988 ìjọba Babangida gbé ètò jáde pé kí obìnrin kan bí ọmọ mẹ́rin, kó má jù bẹ́ẹ̀. Sunny Ade àti Onyeka Onwenu kọrin fún un. Ní Ìlọrin, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni pé, "Obìnrin kan, mẹ́rin. Ọkùnrin ńkọ́?" Ẹni tó ní ìyàwó mẹ́rin ṣe ìṣirò rẹ̀, ó rí mẹ́rìndínlógún, kò sì rú òfin kankan. Síbẹ̀, ó já. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1990 rí 6 lórí obìnrin kan, èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 rí 4.8. Tèmi ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣe iṣẹ́ yẹn ju orin lọ. Ní 1991, ìyá kan ní ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ka ọmọ mẹ́sàn-án fún mi, nígbà tí mo ní kó pè wọ́n wá kí n kọ orúkọ wọn, mẹ́rin ló jáde. Ó ní, "Àwọn yòókù ti lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí wọn." Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òun á yè kì í fi márùn-ún ṣe ìdúró.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan pé "a ti pọ̀ jù", níbo? 2006 la ka ara wa gbẹ̀yìn, wọ́n rí 2,365,353 ní gbogbo Kwara. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n sún un síwájú. Rìn láti gárejì Òmù-Àrán títí dé ìparí ìlú, kí o ka ilé alájà tí wọ́n fi àgádágodo tì láti Kérésìmesì dé Kérésìmesì. Àwọn tó kọ́ wọn wà ní Èkó, ní Abuja, ní Ìlú Ọba. Ogunlọ́gọ̀ ọmọ tó wà ní Nàìjíríà kò sọ pé ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́ wà ní ìlú tìrẹ. Ó ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá wa lọ tí kò tíì pé ọdún 15. Wọ́n pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹun ni wọ́n, wọn ò tíì di ẹni tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Èyí tó kù, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá mo tún ilé mi ṣe ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin. Ẹni tó bá mi lẹ táìlì, ará Sokodé ní Tógò ni. Kó tó gbé táìlì kan kalẹ̀, á gbé e sókè, á fi ìka kàn án, á tẹ́tí. Èyí tó bá dún bí ìkòkò tó sán, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ̀rọ̀. Mo bi í pé ọdún mélòó ló fi kọ́ṣẹ́. Ó ní mẹ́rin, kí ọ̀gá òun tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún òun. Ọmọ àbúrò mi tí mo fi sọ́dọ̀ táìlà lẹ́ẹ̀kan lo ọ̀sẹ̀ méje, ó ní ọ̀gá ń rán òun níṣẹ́ jù, ó lọ gun ọ̀kadà. N kò dá a lẹ́bi tán, torí ọ̀kadà ń mówó wálé lójoojúmọ́, ọdún mẹ́rin ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í mú kọ́bọ̀ wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ará Sokodé yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ní kí wọ́n lé wọn kò sì tíì gbọ́ ìròyìn tó wà nílẹ̀. Náírà ti ń lé wọn. Euro ni wọ́n so owó sẹ́fà mọ́. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, iye sẹ́fà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ń di nígbà tí ó bá fi ránṣẹ́ sílé ti já wálẹ̀ púpọ̀. Ọkùnrin yẹn sọ fún mi pé ilé mi lòun fẹ́ fi kádìí Nàìjíríà, Àbíjàn lòun ń lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìpàdé ìlú kò láṣẹ láti lé ẹnikẹ́ni. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ lè wọlé láìsí físà fún 90 ọjọ́. Ẹni tó bá kọjá ìyẹn láìgba ìwé, Ìmígíréṣọ̀n ló ni ín.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àlejò lókè lọ́hùn-ún, ní Òkè-Ẹ̀rọ́ àti Èkìtì ti Kwara, tí wọ́n ń kọ ebè, tí wọ́n ń gbowó wọn ní igba-igba, Àgàtú láti ìpínlẹ̀ Benue ni wọ́n. Ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi tìrẹ ni Àgàtú. Ilé ẹni lèèyàn wà, kò ṣeé lé.

Èmi kò sọ pé kí a ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ní nǹkan bí 2005, Gómìnà Bukola Saraki kó àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun 13 wá láti Sìmbábúè sí Ṣọ́ńgà, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní hẹ́kítà ilẹ̀ bíi 1,000. Ó lè dáa, ó lè máà dáa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi nígbà náà, òun náà ni mo ṣì ń bi: ọmọ Kwara mélòó ló kọ́ iṣẹ́ wọn? Ní oṣù Kejì 2024 ìjọba àpapọ̀ gbé owó orí jáde lórí òṣìṣẹ́ tó wá láti òkèèrè, 15,000 dọ́là lórí ọ̀gá, 10,000 lórí àwọn yòókù. Àwọn iléeṣẹ́ figbe ta, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dá a dúró. Singapore ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ láìsí ariwo, torí òfin wọn kì í yí lóòru.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, kí n sọ ọ́ láìfi bò. Ní oṣù Kejì 2022, wọn ò rí ẹni tọ́jú arúgbó, wọ́n ṣí físà fún irú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 11, oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní àwọn tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè. Arúgbó ibẹ̀ kò dín kù láàárín ọdún mẹ́ta ààbọ̀ yẹn, ìbínú ìlú ló pọ̀ sí i. Wọ́n tún ti gbé àbá jáde ní oṣù Karùn-ún 2025 pé kí ọdún 5 tí èèyàn fi ń dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú di 10. Sọ fún un kó má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ kù ní ọjọ́ kan láìtún un ṣe, kó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì owó oṣù rẹ̀. Bàbá mi tọ́jú ìwé gbèsè, kò rántí tọ́jú ìwé ìgbélùú.

O bi mí pé ta ni kí o gbè lẹ́yìn. Kọngílá yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n òun náà jẹ̀bi, torí ó ti ń gba ará Tógò síṣẹ́ láìfi ọmọ ìlú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó, bi í pé yàrá mélòó ló kù láti lẹ nínú gbọ̀ngàn náà. Bó bá ku mẹ́ta, kí ẹ wá ọmọkùnrin méjì tàbí ọmọbìnrin méjì tó ti parí girama, kí ìlú máa fún wọn lówó oúnjẹ lójoojúmọ́ kí ọ̀kadà má bàa fà wọ́n lọ, kí ẹ sì bá ará Tógò yẹn sọ iye tó máa gbà láti kọ́ wọn. Kí ẹ tètè ṣe é. Bó bá jọ tèmi, òun náà ti ń wo ọkọ̀ Àbíjàn.